Awọ Tí Bàbá Rán sí Mi

Yàrá kẹfà, òkè pátápátá
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Yàrá mi níbí kò gùn tó ẹni tó dọ̀bálẹ̀, orí mi á kan ìlẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi á kan ibùsùn, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìjókòó sídìí bàtà. Ṣé ẹ̀yìn kò dùn yín mọ́? Mo kí Màmá mi. Mo kí Oníredíò tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yín.

Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin tí mo ti ń kọ̀wé sí Màmá, tí wọ́n ń dá mi lóhùn, tí ẹ̀yin sì ń ní kí wọ́n bá yín kí mi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ fóònù sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ní ẹ ń rán bàtà lọ́wọ́. Mo mọ ohun tó fà á. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo sọ níwájú àwọn oníbàárà yín pé òórùn awọ ti sú mi. Ọ̀rọ̀ náà kò yẹ lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí.

Ẹ̀yin ni mo kọ eléyìí sí, nítorí ohun tí mo fẹ́ tọrọ, Màmá kò lè ṣe é. Awọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń ṣe, torí mo mọ̀ pé òkìtì lásán lẹ máa ń pè é. Irin kan ló wà ní ìdábùú lórí òpó méjì. Ó nípọn díẹ̀ ju àtàǹpàkò yín lọ. Ó ga débi pé bí mo bá nà ró, tí mo tún na ọwọ́ sókè, mi ò lè kàn án. Ọkùnrin á rọ̀ mọ́ ọn, á fi gbogbo ara yí i po, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kọjú sí àjà. Á jù ú sílẹ̀, á ta òkìtì lókè, á tún gbá a mú. Ní ìparí, á fò wálẹ̀, á dúró ṣinṣin. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn onídàájọ́ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa wò bóyá orúnkún tẹ̀, bóyá ìka ẹsẹ̀ nà, wọ́n á sì máa yọ máàkì bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Bàbá, mo ti yege. Ìdíje àgbáyé ń bọ̀ ní oṣù kẹwàá, ìlú tí mo wà yìí náà ni wọ́n ti máa ṣe é. Èmi nìkan ni màá lọ láti orílẹ̀-èdè wa.

Ìṣòro kan ló wà. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni abọ́ fífọ̀ ní ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ di aago kan ọ̀sán, inú omi gbígbóná ni ọwọ́ mi ń wà. Nígbà tí mo bá fi máa dé ìdí irin, àtẹ́lẹwọ́ mi ti rọ̀ bí búrẹ́dì tó já sínú tíì. Á bó. Àwa tó ń ṣe eré yìí máa ń wọ awọ kan sí àtẹ́lẹwọ́: ó ní ihò fún ìka, wọ́n rán igi róbótó kékeré kan mọ́ ọn lábẹ́ ìka kó lè gbá irin mú, okùn rẹ̀ á sì de ọrùn ọwọ́. Èyí tí wọ́n ń tà níbí, àwọn ọlọ́wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ọwọ́ yín ni ọwọ́ mi, ó fẹ̀, ìka rẹ̀ kúrú. Mẹ́rin ti ya mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ọ̀kan nínú wọn sínú àpò ìwé yìí kí ẹ lè rí i.

Ẹ bá mi ṣe é, Bàbá.

Ọmọ yín tí Màmá ń pè ní
Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀


Ìdí iṣẹ́
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀,

Lẹ́tà rẹ dé. Ara mi le, ara ìyá rẹ le. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí, o ṣeun tí o bèèrè lẹ́yìn ọdún méjì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ohun tí o kọ. Èèyàn á gbéra nílé bàbá rẹ̀, á sọdá òkun, torí kó lè rọ̀ mọ́ irin bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn? Ṣé irin ò sí nílé ni?

O ní òórùn awọ sú ọ. Ó dáa. Awọ náà ni o tún padà ń wá yìí. Mi ò bínú. Mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ká jọ rí i.

Mo ti tú èyí tí o fi ránṣẹ́ palẹ̀. Ta ló rán nǹkan yẹn? Ẹni náà ń kánjú lọ síbì kan ni. Kò fi ìda pa òwú. Ó sì tún jẹ́ pé awọ ikùn ló lò, kì í ṣe awọ ẹ̀yìn. Awọ ikùn máa ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́ bí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Kò lè ṣe kó má ya.

Tẹ́ ọwọ́ rẹ méjèèjì sórí ìwé, kí ẹlòmíì bá ọ fi pẹ́ńsù yí i ká. Kó má dín in, kó má fi kún un. Mi ò sọ pé màá ṣe é o. Mo ní kí o fi ìwọ̀n ránṣẹ́.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun. Ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n tẹ́ nǹkan sábẹ́ irin ọ̀hún. Dá a lóhùn kíákíá lórí ìkejì, kò jẹ́ kí n gbádùn.

Bàbá rẹ


Yàrá kẹfà
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ ṣé, ẹ kú sùúrù. Mo rí lẹ́tà yín lábẹ́ ìlẹ̀kùn nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo kà á lórí ìdúró pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí mo dé ibi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, mo rẹ́rìn-ín débi pé ará yàrá kejì kan ògiri.

Ẹ sọ fún Màmá pé mò ń jẹun. Fóòmù ló wà lábẹ́ irin, ó nípọn dé orúnkún. Wọ́n lè sùn lórí ẹ̀ kí wọ́n má fẹ́ jí.

Ìwọ̀n ọwọ́ mi nìyí, ọ̀tún àti òsì. Olùkọ́ mi ló di pẹ́ńsù mú. Bàbá àgbà kan tó gé irun rẹ̀ kanlẹ̀ ni, kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ gbá ọ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, o mọ̀ pé o ti ṣe dáadáa.

Ọmọ yín,
Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀


Ìdí iṣẹ́
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀,

Mo kí ọ. Páálí tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, má fi ọ̀bẹ ṣí i.

Mo tẹ́ ìwé ọwọ́ rẹ sórí tábìlì láti gé awọ. Ìka àárín lọ́wọ́ òsì rẹ wọ́. Nígbà tí o kúrò nílé, kò wọ́. Ọwọ́ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni? Kí ló ṣe é? Mo da bàtà bo ìwé náà nígbà tí ìyá rẹ wọlé, nítorí náà kọ ìdáhùn rẹ sínú ìwé ọ̀tọ̀.

Awọ ẹ̀yìn màlúù ni mo lò. Ọ̀gá ilé-ìwé kan ni mo tọ́jú ẹ̀ dè; ọ̀gá á dúró. Mo pa òwú rẹ̀ ní ìda lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì fi ìbú ìka kan kún gígùn rẹ̀, kó lè bo gbogbo ọwọ́ rẹ dáadáa. Bí ọmọ èèyàn bá máa fò lókè, ẹ jẹ́ kí awọ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá rẹ


Yàrá kẹfà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Mo ṣí páálí náà, òórùn ìdí iṣẹ́ yín kún yàrá yìí dé àjà. Mo jókòó sórí ibùsùn. Mo kàn ń gbọ́ òórùn ni. Ẹ wo ẹni tó ní ó sú òun.

Ìwé ọ̀tọ̀ ti ìka wà lẹ́yìn eléyìí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo fi pa mọ́. Ó ti jinná.

Bàbá, ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí wúwo lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ mi yẹ awọ yín wò. Ó fọwọ́ pa ojú ìrán rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó kó o sínú àpótí rẹ̀, ó ní mi ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ó ní ó gùn jù. Bí ó bá gùn, bí mo ṣe ń yí ló máa ká kọjá lórí irin, á pàdé ara rẹ̀, á há. Ọwọ́ á dúró, ara á sì máa yí lọ. Ó ti ṣojú rẹ̀ rí, apá ọmọkùnrin kan ṣẹ́ sí méjì.

Mo bá a jiyàn. Mo ní aránbàtà ni bàbá mi, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ní, “Bàbá rẹ mọ awọ. Èmi mọ irin.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ bá mi dín in kù. Ẹ sọ fún Màmá pé ìròyìn ayọ̀ wà: olùkọ́ ti gbà báyìí pé kí n máa jù ú sílẹ̀.

Ọmọ yín,
Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀


Yàrá kẹfà
Ọjọ́ keje, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo tún kí yín. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti kọ̀wé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ibí bóyá lẹ́tà mi sọnù. Ó ní lẹ́tà kì í sábà sọnù, èèyàn ni kì í fẹ́ dáhùn. Èmi ò bi í nípa èèyàn.

Bó bá jẹ́ pé mo ti tún ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí. Ẹ kọ èébú kún ojú ìwé méjì, màá kà á tán. Ẹ má ṣáà dákẹ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́ yẹn, mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká fi ti awọ sílẹ̀. Màá fi èyí tó ya lọ. Màá dọ́gbọ́n sí i.

Ọmọ yín


Ilé
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje

Ọmọ mi, ọkọ mi, Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀,

Ìyá rẹ ló ń kọ ọ́. Bàbá rẹ ò mọ̀. Mo dúró kó lọ ra òwú kí n tó mú bírò.

Kí n tó gbàgbé: o ṣe mí ní nǹkan o. O ní olùkọ́ ti gbà kí o jù ú sílẹ̀. Mo rò pé eré náà lo fẹ́ jù sílẹ̀! Mo jó láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ti rí làákàyè. Bàbá rẹ ló wá ní rárá, irin gan-an ni o fẹ́ máa jù sílẹ̀, nígbà tí o bá wà lókè. Mo jókòó. Mi ò ì tíì dìde tán títí di òní.

Ọ̀rọ̀ awọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, odindi ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá rẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun ti ń rán awọ, kò sẹ́ni tó dá iṣẹ́ padà fún òun rí, àfi ọkùnrin kan tí òun ò mọ̀ rí lókè òkun. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó lọ bá Oníredíò, ó yá páìpù irin tí ìyẹn fi ń gbé eriali ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sókè. Wọ́n rì òpó méjì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi páìpù náà dábùú. Oníredíò wá so eriali rẹ̀ mọ́ igi ìgbálẹ̀. Mo rò pé aṣọ ni wọ́n fẹ́ máa sá.

Bàbá rẹ gé awọ méjì mìíràn, gígùn kan náà pẹ̀lú tìrẹ. Ó ní ọwọ́ òun ni ọwọ́ rẹ, bó bá rí lára òun ló máa rí lára rẹ. Inú ilé ni mo wà tí mo gbọ́ igbe: “Ẹ gbà mí o! Ó ti mú mi o!” Mo sáré débẹ̀. Bàbá rẹ ni mo bá tó ń rọ̀ dirodiro lórí irin, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́. Ó ti fì síwá fì sẹ́yìn, awọ ti ká mọ́ irin, ó ti há. Oníredíò di ìtan rẹ̀ méjèèjì mú, òun náà ń ké. Mo ní, “Ẹ̀yin àgbà yìí, kí lẹ ń ṣe?” Bàbá rẹ ní, “Mú ọ̀bẹ wá, kí o tó bi mí léèrè!”

Nígbà tí mo gé e tán tó dé ilẹ̀, ó jókòó, ó wo awọ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìyá ẹ̀, ọkùnrin yẹn ò purọ́. Ọmọ mi ni mi ò bá pa lára.”

Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti sọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kì í rọ̀ mọ́ irin kí oníbàárà tó dé. Á gé díẹ̀, á tún rán an, á lọ rọ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun ń dán awọ wò ni. Lójú tèmi, ó ń gbádùn ẹ̀. Kò ráhùn ẹ̀yìn dídùn mọ́.

Nítorí náà, má sunkún. Kò bínú sí ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló dí.

Ìyá rẹ


Ìdí iṣẹ́
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀,

Mo kí ọ o. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Ta ló ní kí o fi èyí tó ya lọ? Ṣé kí wọ́n lè sọ pé bàbá rẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́?

Awọ mìíràn nìyí, ìlọ́po méjì, kí ọ̀kan lè sinmi nígbà tí èkejì bá ń ṣiṣẹ́. Mo ti dín in kù. Ibi tí igi róbótó wà, mo sún un wálẹ̀ díẹ̀ síhà àtẹ́lẹwọ́, torí kò yẹ kó ju oríkèé kejì ìka lọ. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, wàhálà dé. Ìka rẹ tó wọ́, mo gé ihò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Má bi mí bí mo ṣe mọ gbogbo èyí.

Bá mi kí olùkọ́ rẹ. Sọ fún un pé mo ní ó ṣeun. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá kò sí bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà láìjù irin sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá ti rọ̀ mọ́ irin rí á mọ̀ pé kéèyàn dì í mú lásán ti tó iṣẹ́ òòjọ́.

Bàbá rẹ


Yàrá kẹfà
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, èyíkéyìí tó bá jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ó bá ọwọ́ mi mu! Olùkọ́ mi fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó sì fi mí kọ́ sórí irin. Ó gbá irin mú bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo yí po nígbà mẹ́wàá, mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí ọwọ́ mi: kò bó, kò pọ́n. Olùkọ́ mi gbá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ tiyín, ó ní kí n sọ fún yín.

Màmá, kò sí bí mi ò ṣe ní jù ú sílẹ̀. Ibẹ̀ ni máàkì wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ibẹ̀ náà ni adùn ẹ̀ wà. Láti àárọ̀ ni nǹkan ti ń wúwo lọ́wọ́ mi: abọ́, ìkòkò, àpò ìdọ̀tí. Bí mo bá wá yí po tán tí mo ṣí ọwọ́ kúrò lórí irin, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan pàṣẹ pé kí gbogbo ayé dúró. Mi ò wúwo. Mo ń rí irin nísàlẹ̀, ó ń dúró dè mí. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n torí ẹ̀ ni mo ṣe kọjá òkun, Bàbá. Ẹ bi mí nínú oṣù kẹta bóyá irin ò sí nílé. Irin wà. Ẹni tó máa kọ́ mi bí mo ṣe máa jù ú sílẹ̀ ni kò sí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ yín. Tí mo bá wọ àwọn mẹ́jọ tó máa dé àṣekágbá, wọ́n máa fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ bá mi bẹ Oníredíò.

Ọmọ yín,
Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀


Ìdí iṣẹ́
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀,

Níbo lo wà?

A rí ọ. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù Oníredíò kún, àwọn kan jókòó sórí àwọn tẹlifíṣọ̀n tó bàjẹ́, àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Wọ́n kọ orúkọ orílẹ̀-èdè wa sábẹ́ àyà rẹ, gbogbo ilé hó. Ìyá rẹ ní o ti rù. Mo ní ọwọ́ ni kó wò, kó wo awọ.

O yí po. O jù ú sílẹ̀, o gbá a mú. Ìyá rẹ di apá mi mú, ìka rẹ̀ ṣì wà lára mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. O tún jù ú sílẹ̀, o tún gbá a mú. Oníredíò ní, “Ọmọ yìí kì í ṣe èèyàn!” Ìgbà tí o jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, èmi náà fò. Mi ò mọ̀ pé mo fò. Orí mi ló kan wáyà eriali tó gba ojú àjà kọjá, ó fa igi ìgbálẹ̀ tó gbé eriali lulẹ̀ lórí òrùlé. Àwòrán lọ. Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n di òjò.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tí Oníredíò fi máa gun òrùlé kó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ń fi àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ hàn. Nítorí náà, lójú wa níbí, o ṣì wà lókè. Wọ́n ní kí ìyá rẹ jókòó, ó ní, “Ọmọ mi ò tíì balẹ̀, ẹ ní kí n jókòó?” Ó ń rìn ká àgbàlá. Bí ilé ìfìwéránṣẹ́ bá ti ṣí lọ́la, mo fẹ́ tẹ wáyà sí ọ.

Bàbá rẹ


WÁYÀ. Ọjọ́ ogún, oṣù kẹwàá
ṢÉ O TI BALẸ̀. BÀBÁ


WÁYÀ. Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹwàá
MO TI BALẸ̀. IPÒ KẸTA NÍ GBOGBO AYÉ. LẸ́TÀ Ń BỌ̀


Yàrá kẹfà
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ayọ̀ o! Ẹ kú oríire! Nígbà tí wáyà yín dé, olùkọ́ mi bèèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ jígí ojú rẹ̀, tó nù ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yin kò rí òpin. Àwa mẹ́jọ ni, èmi ni mo ṣe ìkarùn-ún. Ẹni tó ṣáájú mi já bọ́, ó fi àyà lulẹ̀ lórí fóòmù, gbogbo gbọ̀ngàn ní “Háà!” Wọ́n wá pe orúkọ mi. Mo ti ń da ẹfun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ sọ́wọ́ ṣáá, mi ò mọ ìgbà tó tó. Olùkọ́ mi wá sẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi mú ní ìbàdí, ó gbé mi sókè bí ọmọ kékeré títí ọwọ́ mi fi kan irin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe fún gbogbo wa, irin ti ga jù. Bó ṣe fi mí sílẹ̀, ẹ̀rù ò bà mí mọ́.

Èkínní lọ dáadáa. Èkejì lọ dáadáa. Ẹ̀kẹta tí ẹ̀yin rí ìdajì ẹ̀, mo jìnnà jù sí irin. Mo mọ̀ ọ́n láti òkè. Mo na ọwọ́, orí ìka lásán ni mo fi kàn án. Ọwọ́ ọ̀tún yọ̀. Òsì ló dúró, Bàbá, òsì tí ẹ gé ihò ìka wíwọ́ fún lọ́tọ̀. Awọ náà fà, ó dún, kò jù mí nù. Mo gbé ọ̀tún padà, mo yí po, mo tún yí po, mo sì fi irin sílẹ̀ nígbà ìkẹyìn. Òkìtì méjì. Mo balẹ̀. Ẹsẹ̀ kan sún síwájú díẹ̀, wọ́n yọ máàkì rẹ̀. Kí wọ́n máa yọ ọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé máàkì jáde, orúkọ mi bọ́ sí òkè pátápátá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi jẹ́ ọ̀gá gbogbo ayé! Ẹni kẹfà kọjá mi. Ẹni keje já bọ́. Ẹni kẹjọ tún kọjá mi, ó dára ju mi lọ, mi ò purọ́. Ìkẹta. Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ idẹ kọ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó gba ipò kìíní bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wá di ọwọ́ mi mú, kò fi sílẹ̀: awọ ló ń wò. Ó ní, “Níbo lo ti rí eléyìí?” Mo ní, “Nílé wa.”

Lọ́jọ́ Ajé mo padà síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Àwọn alásè tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àwo, wọ́n ń fi ṣíbí lu ìkòkò. Ọ̀gá ní mi ò ní fọ abọ́ lọ́jọ́ náà, kí n jókòó kí wọ́n gbé oúnjẹ fún mi. Mo jẹun tán, mi ò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe, mo dìde, mo fọ àwo mi. Wọ́n tún pariwo.

Wọ́n fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejìlá ni bàálù mi. Mo ń bọ̀ wálé.

Ọmọ yín,
Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀


Ìdí iṣẹ́
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Wáyà rẹ kò dé ọwọ́ mi kó tó dé etí àdúgbò. Obìnrin tó ń gba wáyà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kò dúró fi í sínú àpò ìwé. Ó ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, ìwé lọ́wọ́, ó ń ké, “Ó ti balẹ̀ o! Ọmọ aránbàtà ti balẹ̀!” Àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ń pariwo pé o ti balẹ̀. Ìyá rẹ wá jókòó wàyí. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ijó. Oníredíò ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ti fi àga mi sí ìta ṣọ́ọ̀bù.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ fún gbogbo ẹni tó bá wá gba bàtà. Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tíì gba bàtà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ti yọ̀. Wọ́n á ní kí n tún un kà.

Ṣùgbọ́n ibi tó dá èmi dúró, kì í ṣe ibẹ̀. Ibi tí olùkọ́ rẹ ti gbé ọ sókè ni. Mo ka ibẹ̀ tán, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo ń rò ó pé ìgbà wo ni mo gbé ọ kẹ́yìn. Mi ò rántí. Mo bi ìyá rẹ, kò rántí. Lọ́jọ́ kan, èèyàn á gbé ọmọ ẹ̀ sílẹ̀, á rò pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló fẹ́ lọ parí, kò ní mọ̀ pé òun ò tún ní gbé e mọ́. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti dì ọ́ mú pẹ́ díẹ̀ sí i.

Mo ti ní kí Oníredíò bá mi gbé páìpù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù sókè sí i, dé ibi tí ọwọ́ rẹ ò ti ní tó o. Tí o bá dé, kí o tó jókòó, kí o tó mu omi, ibẹ̀ la máa kọ́kọ́ lọ. Èmi ni màá gbé ọ. Ìyá rẹ ní ẹ̀yìn mi ò ní gbà á. Mo ní kó dúró wò ó.

Ìwọ ṣáà ti rọra jẹun nínú bàálù.

Bàbá rẹ